Ọmọ tí a bí sí òkè òkun: ìwé wo ló ń fi hàn pé ọmọ Nàìjíríà ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Lọ́yà. Ìlú Manchester ni mo bí ọmọ mi sí lọ́dún 2019, nígbà tí bàbá rẹ̀ ń kàwé níbẹ̀. A ti padà sí Ìbàdàn báyìí, a sì fẹ́ gba páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà fún un. Ọkùnrin kan tó ń báni ṣe ìwé ní àfi kí a kọ́kọ́ gba ìwé ọjọ́ ìbí tó sọ pé Ìbàdàn ni a bí i sí, kí ó tó lè di ọmọ Nàìjíríà. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ìwé wo la nílò?

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ má fún ọkùnrin náà ní kọ́bọ̀. Lemọ́lemọ́ ni irú ìbéèrè yìí ń dé ọ̀dọ̀ mi, ó sì ń bí mi nínú pé àwọn òbí tí kò ṣẹ̀ sófin ni wọ́n ń tàn láti fi owó ara wọn ra ẹ̀ṣẹ̀.

Ọmọ yín kò ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ di ọmọ Nàìjíríà. Ọmọ Nàìjíríà ni láti ọjọ́ tí ẹ ti bí i. Abala 25(1)(c) nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 sọ pé ẹni tí a bí sí ẹ̀yìn odi Nàìjíríà, tí ìyá tàbí bàbá rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Nàìjíríà ni nípa ìbí. Ìyá nìkan tó, bàbá nìkan sì tó. Páásípọ́ọ̀tù kò sọ ẹnikẹ́ni di ọmọ Nàìjíríà, ńṣe ló ń jẹ́rìí sí ohun tí òfin ti fún un tẹ́lẹ̀. Kí wá ni ìwé irọ́ fẹ́ ṣe níbẹ̀?

Ohun tí yóò ṣe ni pé yóò kó bá ọmọ náà. Orúkọ rẹ̀ ti wà nínú ìwé ìjọba ní Manchester, kò sì sí ẹni tí a bí sí ìlú méjì. Lọ́jọ́ tó bá fẹ́ gba físà tàbí tó fẹ́ lọ kàwé lókè òkun, tí ìwé méjèèjì bá pàdé lórí tábìlì òṣìṣẹ́ kan, òun ni wọn yóò pè ní òpùrọ́, kì í ṣe ẹni tó ta ìwé náà. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀ràn ni lábẹ́ òfin kí èèyàn parọ́ láti gba páásípọ́ọ̀tù.

Ìwé ọjọ́ ìbí ti Manchester gan-an ni kí ẹ mú lọ, ṣùgbọ́n ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Oríṣi méjì ni wọ́n ń fúnni níbẹ̀: èyí tó kúrú kò ní orúkọ ìyá tàbí bàbá nínú rárá, nítorí náà kò lè fi hàn pé ẹ̀yin lẹ bí ọmọ náà. Èyí tó gùn, tí orúkọ òbí wà nínú rẹ̀, lẹ nílò. Bí èyí tó kúrú nìkan bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ lè béèrè fún ẹ̀dà èyí tó gùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ General Register Office ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti Ìbàdàn níbí. Ẹ fi páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà tiyín tàbí ti bàbá rẹ̀ tì í, pẹ̀lú NIN ọmọ náà, àti lẹ́tà ìyọ̀ǹda láti ọwọ́ òbí méjèèjì. Wọ́n lè béèrè ìwé ìgbéyàwó pẹ̀lú, pàápàá bí orúkọ yín bá ti yí padà. Àwọn òṣìṣẹ́ Immigration lè fi nǹkan mìíràn kún un, nítorí náà ẹ wo ìkànnì wọn kí ẹ tó sanwó.

Ẹ má sì ronú pé bí a ṣe bí i sí Manchester ti sọ ọ́ di ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1983, òfin wọn ní kí ìyá tàbí bàbá ti jẹ́ ọmọ ibẹ̀, tàbí kí ó ti ní ìyọ̀ǹda láti máa gbé ibẹ̀ láìní gbèdéke, nígbà tí a bí ọmọ náà; físà akẹ́kọ̀ọ́ kò sì fúnni ní ìyẹn.

Bí ẹ bá ti gba ìwé Ìbàdàn ọ̀hún, ẹ má fi í síbi ìwé kankan o. Ẹ gbé e tọ agbẹjọ́rò kan lọ kó wò ó fínnífínní, nítorí èmi kò tíì rí ìwé yín, ìdáhùn mi yìí kò sì lè rọ́pò ìmọ̀ràn ẹni tó bá rí i.