ALT 92, AST 78: ẹ má tíì sunkún ẹ̀dọ̀ ọkọ yín

Àǹtí mi, ẹ kú ìnira o. Ẹ ní nínú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń wo ẹ̀dọ̀, ALT ọkọ yín jẹ́ 92, AST jẹ́ 78, láàbù kọ "H" sẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì pé wọ́n ga, bilirubin (àwọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ tó ń mú ojú pọ́n bí epo) kò ga. Ẹ ń bèèrè bóyá ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́, àti bóyá kí ẹ ra agbo tí ìyá ọkọ yín ní ó máa ń fọ ẹ̀dọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra agbo kankan. Ohun tẹ́nikẹ́ni ò mọ̀ nínú ìgò yẹn, ẹ̀dọ̀ kan náà ni yóò tún bá a jà.

Èròjà inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ni ALT àti AST. Bí nǹkan bá ń ṣe sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyẹn léṣe, wọ́n á jò sínú ẹ̀jẹ̀. Wọn kì í sọ bóyá ẹ̀dọ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Bilirubin, albumin (purotéènì tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe) àti INR (bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń yára dì) ló ń sọ ìyẹn, ọ̀pọ̀ láàbù kì í sì í fi INR sínú LFT (àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀) àfi téèyàn bá bèèrè.

Èmi, kò sẹ́ni tó là á yé mi. ALT tèmi fò kọjá ẹgbẹ̀rún, ẹni tó fún mi ní ìwé èsì sì pariwo lójú gbogbo èrò tó jókòó pé, "Ẹ̀dọ̀ yín ti lọ o." Dókítà tí mo gbé e lọ bá kò wo ojú mi tó ti pọ́n bí epo. Ìwé ló tẹjú mọ́, ó kọ fítámì, ó ní kí n padà wá lóṣù tó ń bọ̀. Ìtọ̀ mi dúdú, òórùn epo gbígbóná lásán ń mú mi bì. Nínú ilé, wọ́n yọ abọ́ mi sọ́tọ̀, wọ́n yọ ife mi sọ́tọ̀, ìyàwó àbúrò mi fa ọmọ rẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ mi. Àrùn tí wọn ò tíì mọ orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ń sá fún! Dókítà kékeré kan tó ń ṣe housemanship ló wá bèèrè pé, "Ṣé wọ́n ti ṣe HBsAg fún yín?" Àyẹ̀wò tó ń wá hepatitis B, kòkòrò àrùn tó ń bá ẹ̀dọ̀ jà, nìyẹn. Wọn ò ṣe é. Inú ṣì ń bí mi títí di báyìí. Ní Nàìjíríà tí hepatitis B pọ̀ sí tó báyìí, kí ojú èèyàn pọ́n, kí ALT ga, kí wọ́n má sì wò ó! Oṣù mẹ́fà kọjá, HBsAg ò lọ, ìyẹn ni pé ó ti di ọlọ́jọ́ pípẹ́. Tenofovir, oògùn tó ń tẹ kòkòrò náà mọ́lẹ̀, ni mo ń lò dòní.

HBsAg àti anti-HCV (àyẹ̀wò hepatitis C) ni kí ẹ kọ́kọ́ ní kí wọ́n ṣe fún ọkọ yín. Bó bá jẹ́ hepatitis B, ẹ má yọ abọ́ rẹ̀ sọ́tọ̀. Ẹ̀jẹ̀, ìbálòpọ̀, àti ìyá sí ọmọ nígbà ìbí ló ń gbà ràn, kì í ṣe oúnjẹ, kì í ṣe ìdìmọ́ra. Ẹ̀yin náà ẹ ṣe é. Bí kò bá sí lára yín, abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́ta ni: òní, oṣù kan sí i, oṣù mẹ́fà sí ti àkọ́kọ́. Bí aboyún bá wà nínú ẹbí, kí ọmọ gba tirẹ̀ láàárín wákàtí 24 tí wọ́n bí i. Ẹ má gbà fún nọ́ọ̀sì tó bá ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ nítorí pé òun ò fẹ́ ṣí ìgò fún ọmọ kan ṣoṣo. Ẹ má sì gbà fún dókítà tó bá rí HBsAg tó ní ALT ti wálẹ̀, ẹ máa lọ sílé. Ẹ̀dọ̀ tó ti lápàá lè gbé ALT tó dára jáde. HBV DNA (iye kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀) àti scan ẹ̀dọ̀ ni kí ẹ bèèrè.

Iye yín gan-an: ọ̀pọ̀ láàbù fi nǹkan bíi 40 ṣe òkè, nítorí náà 92 ju ìlọ́po méjì lọ díẹ̀. Ọtí lè fà á, oògùn lè fà á, ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀ náà lè fà á, pàápàá lára ẹni tó níkùn tàbí tó ní àtọ̀gbẹ. Bó bá ru sìmẹ́ńtì lọ́jọ́ tó ṣáájú, iṣan ara náà lè gbé AST ga. Kí ó fi ọtí àti agbo sílẹ̀, kí paracetamol má kọjá iye tí dókítà bá ní kí ó lò, kí wọ́n tún àyẹ̀wò náà ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Oògùn tí dókítà kọ, kí ó má dá a dúró fúnra rẹ̀.

Àmọ́ bí ojú rẹ̀ bá pọ́n bí epo, bí ikùn rẹ̀ bá ń wú, bó bá bi ẹ̀jẹ̀, bó bá yàgbẹ́ dúdú, tàbí tó ń sọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀, ẹ má dúró de àyẹ̀wò kankan. Ilé ìwòsàn ńlá ni kí ẹ gbé e lọ lóru ọjọ́ náà.