Mo ti yọ ẹyin lẹ́nu ìyá mi rí nítorí jẹjẹrẹ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè bóyá kẹ́ ẹ yọ ẹyin, ẹja àti mọ́ínmọ́ín kúrò nínú oúnjẹ màmá yín, torí fídíò kan tó ní amino acid, ìyẹn àwọn èròjà kéékèèké inú wọn, ni jẹjẹrẹ ń jẹ: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Èmi ti ṣe é fún ìyá tèmi, nílé wa ní Ìjàyè, Abẹ́òkúta níbí, fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko.

Jẹjẹrẹ ọmú ló ṣe wọ́n. Mo yọ ẹyin, mo yọ ẹja, edé pàápàá mi ò jẹ́ kó kan ọbẹ̀. Láfún àti ewédú lásán ni mò ń gbé kalẹ̀. Màmá á wo abọ́, wọ́n á wò mí, wọ́n á ní, "Ìwọ ọmọ yìí, àwẹ̀ ta là ń gbà nínú ilé yìí?" Èmi á rẹ́rìn-ín, mo rò pé mo gbọ́n. Nígbà tó yá, òrùka ìgbéyàwó wọn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ bọ́ sínú omi ìfọwọ́, òwú ni wọ́n wé mọ́ ọn kó tó dúró. Ọjọ́ tá a lọ gba kímò (oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ) ẹlẹ́ẹ̀kẹta, òṣùwọ̀n tó ti ka kílò 68 tẹ́lẹ̀ ka 59. Dókítà ní òun ò ní fún wọn lọ́jọ́ náà.

Òun ló wá fi mí jókòó. Ìdajì ohun tí fídíò yẹn sọ jẹ́ òótọ́, ìdajì náà ló sì mú mi. Sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ẹyọ kékeré tó para pọ̀ di ara wa, tó bá fẹ́ di méjì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kó ohun tí ìkejì máa lò jọ: purotéènì tuntun tó ń kọ́ ara, DNA tuntun tó ń sọ bí sẹ́ẹ̀lì ṣe máa ṣiṣẹ́. Amino acid ni wọ́n fi ń ṣe purotéènì. Èyí tó ń jẹ́ glutamine tún ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ara rẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì ti ń yọ náítírójìn tó fi ń ṣe DNA. Láti àwọn ọdún 1950 ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Harry Eagle, ní Amẹ́ríkà ti rí i pé púpọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń tọ́ nínú ìgò kì í dàgbà láìsí i.

Ṣùgbọ́n glutamine kò dúró de ẹyin. Ara fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é, inú iṣan ló sì ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù. Tẹ́ ẹ bá dí ẹnu aláìsàn, ara á máa tú iṣan palẹ̀ kí èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ má bàa gbẹ. Ẹran ara ìyá mi ni mo ń jẹ́ kó lọ, jẹjẹrẹ ò mọ̀ pé ẹnì kankan ń gbààwẹ̀.

Ibì kan wà tí fífi ebi amino acid pa jẹjẹrẹ ti ṣiṣẹ́ o. Ní 1953, olùṣèwádìí kan, John Kidd, rí i pé omi ẹ̀jẹ̀ gínì píìgì (ẹranko kékeré kan tó jọ eku) ń mú kí jẹjẹrẹ kan lára eku súnkì. Ní 1961, olùṣèwádìí mìíràn, John Broome, sọ pé èròjà kan inú omi ẹ̀jẹ̀ náà, asparaginase, ló ń ṣe é. Ó ń fọ́ amino acid kan tó ń jẹ́ asparagine nínú ẹ̀jẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tó dá ṣáṣá lè ṣe tirẹ̀, àmọ́ ti oríṣi jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan tó wọ́pọ̀ lára ọmọdé kì í lè ṣe èyí tó tó. Wọ́n ń fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ní abẹ́rẹ́ asparaginase títí dòní, pẹ̀lú oògùn mìíràn, lábẹ́ ojú dókítà. Abẹ́rẹ́ ni, kì í ṣe ọbẹ̀ tí kò lẹ́ja.

(Ẹ má tún sá lọ ra glutamine oníyẹ̀fun o. Ẹnì kan fẹ́ tà á fún mi, owó agolo kan tó owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan.)

Nígbà tá a padà sílé, ẹyin bíbọ̀ ni mo kọ́kọ́ gbé fún wọn. Wọ́n jẹ méjì, wọn ò bá mi sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni mò ń ra ẹja àrọ̀ ní Kútọ̀, mò ń yọ egungun rẹ̀ torí ẹnu wọn ti bó, mo sì ń lu ẹ̀wà sóyà mọ́ ògì. Díẹ̀díẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹfà lójúmọ́. Wọ́n ní ṣíbí onírin ń kan lẹ́nu bí ìpẹtà, mo bá ra ti ike. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n gba kímò náà.

Tí kíndìnrín màmá yín bá ní ìṣòro, ìyẹn yàtọ̀, ẹ béèrè iye purotéènì tó yẹ wọ́n lọ́wọ́ dókítà. Tí kò bá sí ìyẹn, ẹ fi wọ́n sórí òṣùwọ̀n lónìí, kẹ́ ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ mú un dání lọ síbi ìtọ́jú.