Mo Fẹ́ Di Nurse Practitioner ní Amẹ́ríkà: Ibo Ni Kí N Ti Bẹ̀rẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní Ìbàdàn ni mo ti jáde. Mo ní RN àti RM (ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì àti ti agbẹ̀bí), mi ò tíì ní díígírì. Mo yege NCLEX, ìdánwò láísẹ́ńsì nọ́ọ̀sì Amẹ́ríkà, ilé ìwòsàn kan sì gbé mi wá sí Houston, ní Texas, pẹ̀lú green card. Ó ti lé ní ọdún kan tí mo ti wà ní wọ́ọ̀dù med-surg (ti àwọn aláìsàn gbogboogbò àti àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún), iṣẹ́ alẹ́ ni mo ń ṣe, ọmọ méjì sì wà lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ di nurse practitioner (NP), ìyẹn nọ́ọ̀sì tó kàwé sí i, tó ń yẹ aláìsàn wò, tó sì ń kọ oògùn fún wọn. Àwọn ará ibi iṣẹ́ mi ní kí n gba ọ̀nà psych (ìtọ́jú àìsàn ọpọlọ) lọ, pé ibẹ̀ lowó wà. Ilé ìwé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní láàárín ọdún méjì péré òun á sọ mí di NP. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní tí kì í bá ṣe DNP, dókítọ́réètì iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, kí n má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ẹ̀ ti tojú sú mi. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí n ti mú un?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, o kú iṣẹ́ alẹ́ o, o sì kú ìtọ́jú ọmọ. Gbogbo àwọn tó ń gbà ọ́ nímọ̀ràn ń sọ̀rọ̀ owó, ilé ìwé àti oyè. Kò sí ẹni tó bi ọ́ pé ta lo fẹ́ máa tọ́jú. Èmi gẹ́gẹ́ bí NP tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀, torí pé ní Amẹ́ríkà ńbí, kò sí NP gbogboogbò. Ẹ̀ka kan pàtó ni wàá kà, orí ẹ̀ka yẹn ni wàá ti ṣe ìdánwò, òun náà ni láísẹ́ńsì rẹ á sì dúró lé.

FNP, ìyẹn NP ìdílé, ń tọ́jú tọmọdé tàgbà ní kílíníìkì. Adult-gerontology wà fún àwọn tó ti bàlágà títí dé ọjọ́ ogbó, ó sì pín sí méjì: primary care fún kílíníìkì, acute care fún ẹni tí àìsàn ti dá dùbúlẹ̀ ní ọsibítù. Ti àwọn ọmọdé wà, ti ọmọ jòjòló wà, ti ìlera obìnrin wà, ti àìsàn ọpọlọ náà wà, èyí tí wọ́n ń pè ní PMHNP. Mo ti rí ẹni tó ka FNP torí pé òun ni gbogbo èèyàn ń kà, tó jẹ́ pé ICU, wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹni tí àìsàn rẹ̀ le gan-an, lọkàn rẹ̀ wà látilẹ̀. Nígbà tó wá iṣẹ́ débẹ̀, acute care ni wọ́n béèrè. Ó ní láti padà lọ gba post-graduate certificate: kíláàsì tuntun, wákàtí tuntun lọ́dọ̀ aláìsàn, ìdánwò tuntun, owó tuntun.

Jẹ́ kí n fi ohun tó ń yí padà nínú iṣẹ́ náà hàn ọ́. Fojú inú wo màmá kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tí ọmọ wọn gbé wá sí kílíníìkì. Ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru, ó wà ní 168/96. Amlodipine 10 mg, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ni wọ́n ń lò, àmọ́ wọ́n ti ń fò ó lọ́jọ́ míì torí pé ẹsẹ̀ wọn ń wú. Ní wọ́ọ̀dù tìrẹ, wàá kọ ọ́ sílẹ̀, wàá pe dókítà, wàá sì ṣe ohun tó bá ní kó o ṣe. Tó o bá di NP, ọ̀dọ̀ rẹ ni ìpè yẹn máa parí sí. Ìwọ lo máa fi àtàǹpàkò tẹ kókósẹ̀ wọn wò bóyá ó ń jìn wọnú, tí wàá wò ó bóyá ẹsẹ̀ kan wú ju ìkejì lọ, tí wàá gbọ́ bí ẹ̀dọ̀fóró wọn ṣe ń dún, tí wàá wo iṣan ẹ̀jẹ̀ ọrùn wọn, kó o tó lè sọ pé oògùn ló ń wú wọn lẹ́sẹ̀, pé kì í ṣe ọkàn, kì í ṣe kíndìnrín, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ tó dì. Bó bá jẹ́ oògùn lóòótọ́, o lè dín amlodipine kù sí 5 mg, kó o fi losartan, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru míì, kún un. Kí ló dé tí kì í ṣe lisinopril, tí òun náà wà fún ẹ̀jẹ̀ ríru? Torí pé lisinopril máa ń mú kéèyàn húkọ́, ó sì máa ń mú kí ahọ́n àti ojú àwọn kan wú, àwa aláwọ̀ dúdú ló sì máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún jù. Wàá yẹ potassium àti creatinine (tó ń fi bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn) wò nínú ẹ̀jẹ̀ wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wàá tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì. Tí potassium bá ta gìrì lọ sókè, orúkọ rẹ ló wà lórí oògùn náà.

Irú èrò báyìí ni wọ́n máa kọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tí pathophysiology (bí àìsàn ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ara), pharmacology (ìmọ̀ oògùn) àti health assessment (bí a ṣe ń yẹ ara aláìsàn wò), tí gbogbo ilé ìwé NP ń kọ́ni, fi jẹ́ ìpìlẹ̀ tí kò ṣeé fò. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti rí bẹ́ẹ̀. Ọdún 1965 ni nọ́ọ̀sì kan, Loretta Ford, àti dókítà àwọn ọmọdé kan, Henry Silver, dá ẹ̀kọ́ NP àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní Yunifásítì Colorado, nítorí àwọn ọmọ tí kò rí dókítà. Ọdún yẹn náà ni ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn tìrẹ níbẹ̀ yẹn, inú mi sì máa ń dùn tí mo bá rántí rẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ psych. Mi ò ní sọ pé kó o má lọ. Àìní pọ̀ níbẹ̀ gidi gan-an. Ọ̀pọ̀ àgbègbè ní Amẹ́ríkà ni kò ní dókítà ọpọlọ kan ṣoṣo, àwọn èèyàn wa náà sì ń ru ẹrù ìrònú kiri láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Tí ẹnì kan bá ní "orí mi ń gbóná, nǹkan kan ń rìn nínú orí mi," ẹni tó bá gbọ́ èdè rẹ̀ ló máa tètè fura pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lè wà nídìí ẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ti pinnu láti pa ara rẹ̀ náà á jókòó síwájú rẹ, ìwọ lo sì máa pinnu bóyá ó lè sùn sílé lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Bí ó bá jẹ́ ìwọ ni wọ́n máa ń wá pè ní wọ́ọ̀dù tí aláìsàn bá ń sunkún tàbí tó ń jà, tí ó sì máa ń wù ọ́ láti jókòó tì í, á jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ owó nìkan lo rí, jọ̀wọ́, fi í sílẹ̀. Aláìsàn ọpọlọ máa ń mọ̀ tí ọkàn ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀.

Nǹkan míì tún wà tí àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ kò sọ fún ọ. Ní Texas, NP kò lè kọ oògùn láìní ìwé àdéhùn pẹ̀lú dókítà. Àwọn oògùn tí wọ́n ń pè ní Schedule II, tí òfin ń ṣọ́ gidigidi torí wọ́n lè di bárakú, tí Adderall àti Ritalin wà nínú wọn, ọsibítù àti hospice (ibi ìtọ́jú ẹni tó ń sún mọ́ ikú) nìkan ni NP ti láyè láti kọ ọ́ níbẹ̀. PMHNP tó bá fẹ́ máa tọ́jú ọmọ tó ní ADHD (àìlè fọkàn sí nǹkan, àìlè jókòó jẹ́ẹ́), tí wọ́n ń fi oògùn bẹ́ẹ̀ tọ́jú, ní kílíníìkì ní Houston á rí i pé ọwọ́ òun kò tó oògùn náà. Ní Maryland, níbi tí àwa Yorùbá pọ̀ sí dáadáa, òfin ọdún 2015 ti mú àdéhùn dókítà kúrò. Olùtọ́nisọ́nà ni NP tuntun máa ní fún oṣù 18. Tí láísẹ́ńsì RN rẹ bá jẹ́ ti compact, ìyẹn àdéhùn tí àwọn ìpínlẹ̀ kan jọ ṣe, o lè fi ṣiṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ míì tó wà nínú àdéhùn náà. Ti NP kì í bá a lọ. Nítorí náà, tí ìwọ àti ọkọ rẹ bá ń gbèrò àtikó kúrò ní Texas, ẹ sọ ọ́ kó o tó yan ilé ìwé, torí ilé ìwé tó ń kọ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì náà gbọ́dọ̀ láṣẹ ní ìpínlẹ̀ tó ò ń gbé.

Ní báyìí, ibi tó o dúró sí. RN àti RM láti ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì jẹ́ ìwé gidi, kì í ṣe díígírì. Ọ̀nà méjì ló wà níwájú rẹ: kó o ṣe RN-to-BSN (láti RN bọ́ sí díígírì àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì), tó máa ń gba bí ọdún kan sí ọdún kan àbọ̀ fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́, kó o wá wọ MSN (máſítà iṣẹ́ nọ́ọ̀sì), tàbí kó o wá ilé ìwé tó ní RN-to-MSN. Èmi fara mọ́ ti àkọ́kọ́ fún ìwọ tó ní ọmọ kékeré, torí tí nǹkan bá dá ọ dúró láàárín, BSN ti wà lọ́wọ́ rẹ. UT Arlington ń ṣe RN-to-BSN lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Fún FNP, o ò ní rìn jìnnà: Texas Woman's University, Prairie View A&M àti UTHealth ló wà ní Houston yẹn. Kọ lẹ́tà sí ilé ẹ̀kọ́ rẹ ní Ìbàdàn báyìí fún transcript, ìwé tó fi gbogbo máàkì rẹ hàn, má dúró di ìgbà tí fọ́ọ̀mù bá fẹ́ parí. Bi ilé ìwé kọ̀ọ̀kan léèrè ẹni tí wọ́n fẹ́ kó ṣe àyẹ̀wò rẹ̀, torí ìwé CGFNS, àjọ tó ń yẹ ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì ilẹ̀ òkèèrè wò, tó o fi gba láísẹ́ńsì lè má tó fún wọn. Ọ̀pọ̀ wọn á tún béèrè statistics. Community college tó wà nítòsí rẹ á kọ́ ọ lówó pọ́ọ́kú.

Ilé ìwé tó ṣèlérí ọdún méjì fún ọ ńkọ́? Bi í pé: CCNE tàbí ACEN, àwọn àjọ tó ń yẹ ilé ìwé nọ́ọ̀sì wò, ha fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ NP rẹ̀ bí? Mélòó nínú àwọn tó jáde ló yege ìdánwò ANCC tàbí AANPCB, àwọn àjọ tó ń ṣe ìdánwò NP, ní ìgbà àkọ́kọ́? Ta ló máa wá preceptor? Tí wọn kò bá dáhùn ní tààràtà, yẹra. Lóṣù January 2023, FBI tú àṣírí àwọn ilé ìwé nọ́ọ̀sì kan ní Florida tó ta ìwé ẹ̀rí ayédèrú tó lé ní 7,600. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ìpínlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ìwé gbogbo ẹni tó gba ibẹ̀ kọjá wò.

Ọ̀rọ̀ preceptor yẹn ló ń mú kí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ sunkún. Òun ni NP tàbí dókítà tó máa gbà kó o wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun láti tọ́jú aláìsàn. Ìlànà tí wọ́n gbé jáde fún ẹ̀kọ́ NP lọ́dún 2022 ní wákàtí tó o máa lò lọ́dọ̀ aláìsàn gbọ́dọ̀ tó 750, ó kéré tán. Ilé ìwé mìíràn á wá a fún ọ, ìkejì á ní kó o lọ wá a fúnra rẹ, tí wàá máa kọ íméèlì sí kílíníìkì lẹ́yìn kílíníìkì láìrí èsì. Ọ̀tọ̀ ni iye tí ilé ìwé ń gbà, ọ̀tọ̀ ni iye tí àwọn kan ń san fún preceptor. Èmi kò ní lọ sí ilé ìwé tí kì í wá a fún akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, bó ti wù kó rọjú tó. Ṣírò rẹ̀ wò: tó o bá ń ṣe wákàtí 16 lọ́sẹ̀, 750 á gbà ọ́ ní bí ọ̀sẹ̀ 47. Dútì alẹ́ mẹ́ta oníwákàtí méjìlá tún wà lọ́rùn rẹ, iṣẹ́ kíláàsì wà, ọmọ wà. Ẹ jókòó sọ ọ́ nílé: ta ló máa gbé ọmọ lọ síléèwé, ta ló máa dáná, dútì wo lo máa jù sílẹ̀. Tún wo ìwé àdéhùn ilé ìwòsàn tó gbé ọ wá. Tí ó bá ní ọdún méjì tàbí mẹ́ta nínú, tó sì ní owó ìtanràn, má dín wákàtí iṣẹ́ rẹ kù kí ó tó pé.

Ní ti owó, àkọsílẹ̀ ìjọba fún May 2023 fi $86,070 sí àárín owó ọdún RN, ó fi $126,260 sí ti NP. Ìyàtọ̀ náà pọ̀, ṣùgbọ́n RN tó ń ṣe alẹ́ àti overtime lè rí i pé owó NP ọdún àkọ́kọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ju tòun lọ. Béèrè owó ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ilé ìwòsàn rẹ: wọ́n lè fún ọ tó $5,250 lọ́dún láìsí owó orí lórí rẹ̀. Green card rẹ jẹ́ kó o lè kọ FAFSA, fọ́ọ̀mù ìrànwọ́ owó ilé ìwé ti ìjọba, ó tún jẹ́ kó o lè béèrè fún Nurse Corps, ètò ìjọba tó máa ń san 60% gbèsè ilé ìwé fún ẹni tó bá fi ọdún méjì ṣiṣẹ́ níbi tí nọ́ọ̀sì kò ti tó. Má gbójú lé Grad PLUS, lóònù ìjọba fún ẹni tó ń kàwé lẹ́yìn díígírì àkọ́kọ́, torí òfin ọdún 2025 ti fòpin sí i fún àwọn ayáwó tuntun láti July 2026.

Sọ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ pé ẹ dúpẹ́, ire yín ni wọ́n ń rò. Lóòótọ́, àwọn ẹgbẹ́ ilé ìwé nọ́ọ̀sì dábàá lọ́dún 2004 pé kí DNP di dandan tó bá fi máa di 2015. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì tó ń kun aláìsàn lóorun, CRNA, ni dókítọ́réètì di dandan fún. ANCC àti AANPCB ṣì ń gba ẹni tó ní MSN wọlé sí ìdánwò FNP àti PMHNP. Tí ó bá wù ọ́ láti kọ́ni ní yunifásítì tàbí láti darí ẹ̀ka lọ́jọ́ iwájú, ọ̀nà wà láti MSN bọ́ sí DNP nígbà tó o bá ti ń gba owó NP, tí àwọn ọmọ sì ti dàgbà díẹ̀. Transcript Ìbàdàn yẹn ni kó o kọ́kọ́ béèrè. Tó o bá ti mọ ẹni tó o fẹ́ tọ́jú, kọ̀wé sí mi padà, ká jọ yẹ orúkọ àwọn ilé ìwé wò.