Èsì: Ṣé K-8 lè jagun lóòótọ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè bóyá bàálù K-8 lè jagun, àbí kíkọ́ awakọ̀ bàálù nìkan ló wà fún.

Ó lè jà. Àmọ́ ibi tí ọ̀tá kò bá ti ní bàálù ajagun tàbí mísáìlì gidi ló ti wúlò.

Ṣáínà àti Pakistan ló jọ ṣe é, ó sì kọ́kọ́ fò lọ́dún 1990. Ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ló ní, eré rẹ̀ ò ju bíi 800 kìlómítà ní wákàtí kan lọ. Ojú ibi márùn-ún ni wọ́n ti lè so ohun ìjà mọ́ ọn: mẹ́rin lábẹ́ apá, ọ̀kan lábẹ́ ikùn fún ìbọn 23 mm. Gbogbo ẹrù yẹn ò ju nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan lọ. Bí bọ́ǹbù bá sì ti gba gbogbo abẹ́ apá, táǹkì epo àfikún ò ráyè mọ́, bàálù náà ò ní lè pẹ́ lókè. Ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn kì í rò dé, ó sì ń dùn mí.

Bolivia ra mẹ́fà láti fi lé àwọn tó ń fi bàálù kó oògùn olóró. Iṣẹ́ tó yẹ ẹ́ gan-an nìyẹn.

Tó bá jẹ́ èyí tó lágbára jù ú lọ lẹ̀ ń wá, ẹ wo L-15, bàálù ìkọ́ni mìíràn tí Ṣáínà ṣe. Ẹ́ńjìnnì méjì ló ní, ẹ̀yà rẹ̀ tó ní afterburner (ohun tó ń jó epo sí i lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì kí agbára rẹ̀ lè pọ̀ sí i) sì ń sáré ju ìró lọ. Zambia ní K-8 àti L-15 méjèèjì.