Ẹ Bi Wá: Wíwọn Agbára Ẹsẹ̀ Lẹ́yìn Àrùn Rọpárọsẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Nígbà tí bàbá wa bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú rọpárọsẹ̀, oníṣẹ́ físíò kọ 3 fún orúnkún òsì wọn. Nígbà tó yá, ó di 4. Láti ìgbà náà, iye yẹn kò yẹ̀ lójú kan, bẹ́ẹ̀ àwa tí a ń gbé pẹ̀lú wọn rí i pé ìdìde wọn ti dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣé ìwé ni ká gbà gbọ́ ni àbí ojú wa?

ÌDÁHÙN: Ojú yín kò parọ́. Òṣùwọ̀n 0 sí 5 yẹn, tí Medical Research Council, àjọ ìwádìí ìṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé kalẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì fún àwọn tí nẹ́ẹ̀fù ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ wọn (okùn tó ń gbé àṣẹ ọpọlọ lọ sí iṣan) ṣèṣe, ọwọ́ àti ojú lásán ni wọ́n fi ń ṣe é. 0 ni pé kò sóhun tó mira. 1, iṣan ń ta lábẹ́ ìka, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kò kúrò níbi tó wà. 2, ẹsẹ̀ ń lọ bí aláìsàn bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, tí kò fi ní láti gbé ìwúwo rẹ̀. 3, ó gbé ìwúwo ara rẹ̀ sókè dé òpin. 4, ó tún ń bá ọwọ́ tó ń tì í jà. 5, ó rí bíi ti ẹni tí nǹkan kan kò ṣe.

Inú 4 ni wàhálà wà. Ẹni tí ìka méjì lè tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀ àti ẹni tí oníṣẹ́ físíò ní láti fi gbogbo ara tì kó tó borí rẹ̀, 4 ni àwọn méjèèjì ń gbà. Iṣan iwájú itan tóbi débi pé díẹ̀ nínú agbára rẹ̀ ti tó gba 3. Inú 4 ni gbogbo ìlọsíwájú bàbá yín ń lọ báyìí, tí ìwé kò rí i. Òṣùwọ̀n mìíràn, Motricity Index, tí wọ́n ṣe fún àwọn tí rọpárọsẹ̀ mú, ń wo ìbàdí, orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀. Ó ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 0, 9, 14, 19, 25 tàbí 33, ó sì ń fi 1 kún àròpọ̀ kí ẹsẹ̀ tó pé lè gba 100. Ó wúlò ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n àárín 25 sí 33 fẹ̀ bákan náà. Ẹ ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n.

ÌBÉÈRÈ: Akẹ́kọ̀ọ́ físíò ni mí. Dynamometer àfọwọ́mú, ẹ̀rọ tí ń wọn agbára títì, ni mò ń lò. Lọ́jọ́ kìíní, orúnkún aláìsàn kan fún mi ní 120 newton (òṣùwọ̀n agbára títì). Nígbà tí mo tún wọ̀n ọ́n, 133. Ṣé ó ti lágbára sí i ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ẹ gbé ẹ̀rọ lé. Ká ní sẹ̀ǹtímítà 30 ló jìn sí oríkèé orúnkún lọ́jọ́ kìíní: 120 newton lọ́nà mítà 0.30 jẹ́ newton-mítà 36, ìyẹn agbára tó ń yí oríkèé náà. Bí ẹ bá wá gbé e sókè pẹ̀lú sẹ̀ǹtímítà 3 péré, newton-mítà 36 kan náà yóò fún yín ní 133. Agbára kò kúrò níbi tó wà, ọwọ́ yín ló kúrò. Ẹ fi téèpù wọn ọ̀nà náà láti oríkèé orúnkún, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, newton-mítà sì ni kí ẹ máa fi wé ara wọn.

Kí aláìsàn jókòó, kí ìbàdí àti orúnkún ká dé ìwọ̀n 90, kí ẹsẹ̀ má kan ilẹ̀. Ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì tí a ká sábẹ́ itan kó lè dọ́gba. Iwájú ojúgun, díẹ̀ lókè kókósẹ̀, ni ojú ẹ̀rọ máa wà. Ẹ jẹ́ kó fi agbára díẹ̀ dán an wò lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà, kó máa tì í díẹ̀díẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 2, kó sì fi gbogbo agbára dúró lórí rẹ̀ fún 3. Ẹ fún un ní ìsinmi ìṣẹ́jú 1. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ sì mú ìpíndọ́gba.

Ẹ̀yin ní tiyín, ẹ dúró gbọin. Bí ẹ bá ń tì í padà títí ẹsẹ̀ fi jáwọ́, iye tó ga jù ló máa jáde, ìdánwò mìíràn sì nìyẹn. Ẹ má da méjèèjì pọ̀. Bí aláìsàn bá sì borí ọwọ́ yín, agbára tiyín ni ẹ wọ̀n. Bẹ́líìtì tí kì í fà, tí a so mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ló ń yanjú èyí.

Ẹ máa ṣọ́ ara rẹ̀ pẹ̀lú. Bó bá ń fẹ̀yìn sẹ́yìn tàbí tó ń gbé ìbàdí sókè, ẹ fagi lé e. Kó máa ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta jáde kó má bàa sé èémí, nítorí sísé èémí ń gbé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sókè lójijì. Ẹni tí àìsàn náà gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ lè má gbọ́ àlàyé yín yé: ẹ fi ẹsẹ̀ tó dá ṣe é hàn án ná. Ẹsẹ̀ tí a ń pè ní "èyí tó dá" náà sábà máa ń rọ díẹ̀, nítorí náà ẹ má sọ ọ́ di òdiwọ̀n ẹni tó ní ìlera.

ÌBÉÈRÈ: A ò ní dynamometer níbi iṣẹ́ wa. Kí la lè lò?

ÌDÁHÙN: Ẹ̀rọ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ alábẹ́rẹ́, kì í ṣe èyí tí ń fi nọ́ńbà hàn fúnra rẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ físíò ní Brazil ti fi í ṣe ìwádìí lára àwọn tí rọpárọsẹ̀ mú. Ẹ ká aṣọ rẹ̀, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i dé 20 mmHg (òṣùwọ̀n ìfúnpá tó wà lójú ẹ̀rọ náà), ẹ ti fáàfù rẹ̀ pa, kí ẹ gbé e síbi tí ojú dynamometer ì bá wà. Ẹlòmíràn ni kó máa wo abẹ́rẹ́, nítorí kíá ló ń padà. Orí 300 ni abẹ́rẹ́ parí sí, orúnkún tó lágbára sì lè tètè débẹ̀. Ó bá ọrùn ẹsẹ̀ mu ju bẹ́ẹ̀ lọ. Aṣọ kan náà, kíká kan náà, ní gbogbo ìgbà. Ẹ má sì fi èyí tí ẹ fi ń wọn ìfúnpá àwọn aláìsàn ṣe é, kó má bàa bàjẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé kíka iye ìṣẹ́jú àáyá tí aláìsàn fi dìde lórí àga lẹ́ẹ̀márùn-ún tó láti mọ agbára ẹsẹ̀ rẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ó sọ bí ènìyàn ṣe ń ṣe, kò sọ ẹsẹ̀ tó ṣe é. Ọ̀pọ̀ ló máa ń fa ẹsẹ̀ tó dá sẹ́yìn, tí ẹsẹ̀ tó rọ á wà níwájú, tí ọ̀kan á sì ṣiṣẹ́ fún méjì. Àga tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 43 sí 45, apá méjèèjì lórí àyà, gìgísẹ̀ méjèèjì lórí ìlà kan. Kí ẹnì kan dúró sí ẹ̀gbẹ́ tó rọ. Ẹni tí kò lè dìde láì fọwọ́ ti nǹkan, ẹ kọ bẹ́ẹ̀, ẹ má kọ iye ìṣẹ́jú àáyá kankan.

ÌBÉÈRÈ: Ẹsẹ̀ ìyá mi le gbagidi, ó ṣòro ká. Ṣé agbára nìyẹn?

ÌDÁHÙN: Rárá o. Líle yẹn máa ń pọ̀ sí i bí a bá fa ẹsẹ̀ yára, ó sì lè wà lórí iṣan tí kò lágbára rárá. Kí ẹni tó bá máa wọ̀n ọ́n kọ́kọ́ ká orúnkún náà, kó sì nà án jẹ́jẹ́ ní ìgbà mélòó kan. Bí ọrùn ẹsẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n fúnra rẹ̀, kó dáwọ́ dúró, kó gbé àtẹ́lẹsẹ̀ wọn lélẹ̀ pẹrẹsẹ títí yóò fi rọ̀, kó sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tó bá rí lọ́jọ́ náà.