Kí o tó ra domain fún àdìrẹ màmá rẹ

Àbúrò mi, dá owó yẹn dúró ná. O ní o ṣẹ̀ṣẹ̀ parí àgùnbánirọ̀, o fẹ́ gbé àdìrẹ tí màmá rẹ ń tà ní Ìtòkú sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀gbẹ́ni kan tó pe ara rẹ̀ ní ògbóǹtarìgì wá ní kí o ra domain, ìyẹn orúkọ tí èèyàn ń tẹ̀ láti dé ìkànnì rẹ, tó ń jẹ́ buy-best-adire-online-nigeria.com, pé Google á gbé e ga ju ti gbogbo ayé lọ torí pé ọ̀rọ̀ tí oníbàárà ń wá ló wà nínú rẹ̀. O ń béèrè bóyá òótọ́ ni, àti bóyá .com ló dáa tàbí .com.ng.

Kì í ṣe òótọ́ mọ́. Ó fìgbà kan jẹ́ bẹ́ẹ̀ díẹ̀, òun ni wọ́n ṣì fi ń rí i tà. Nígbà yẹn, tí orúkọ domain rẹ bá bá ọ̀rọ̀ táwọn èèyàn ń tẹ̀ mu gẹ́lẹ́, o lè bá ara rẹ lójú ewé kìíní Google, kódà kí ohun tó wà nínú ìkànnì náà má tó nǹkan. Lóṣù kẹsàn-án ọdún 2012 ni Google yí i padà, tí wọ́n gba àǹfààní yẹn kúrò lọ́wọ́ àwọn ìkànnì yẹpẹrẹ tí orúkọ nìkan gbé ga. Àwọn ará Google fúnra wọn ti ń sọ ọ́ ní gbangba pé ọ̀rọ̀ inú domain kò fi bẹ́ẹ̀ ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ọjà àtijọ́ ni ọ̀gbẹ́ni yẹn ń kó wá bá ọ, owó tuntun ló sì fẹ́ gbà.

Dáàṣì mẹ́rin nínú orúkọ kan! Rò ó wò: o wà lóde ìgbéyàwó, ìlù ń dún kíkankíkan, obìnrin kan rí àdìrẹ lára rẹ, ó ní níbo lòun ti lè rí irú ẹ̀ rà. O bẹ̀rẹ̀: "buy, dáàṣì, best, dáàṣì, adire..." Kí o tó dé "nigeria", ó ti dìde lọ náwó fún onílù.

Orúkọ kúkúrú ni kí o wá, èyí tí èèyàn á gbọ́ lẹ́ẹ̀kan tí á sì lè kọ. "Adire" lè wà nínú rẹ̀, kò burú, ṣùgbọ́n fi nǹkan tó jẹ́ tiyín mọ́ ọn, bíi orúkọ tí wọ́n ń pe màmá rẹ nínú ọjà, kó lè jẹ́ pé ẹni tó bá tẹ orúkọ yẹn sí Google, ẹ̀yin nìkan ni yóò rí. Má fi àmì sí i o. Ẹ tó ní àmì nísàlẹ̀, tí o bá fi í sínú domain, ó lè jáde ní xn-- pẹ̀lú lẹ́tà wúruwùru nígbà tí wọ́n bá fi ránṣẹ́. Tí o bá sì ti yọ àmì tán, tún un kà sókè. Ẹni tó ń ta ọkọ̀ tó wá ra okotuntun.com, ta ló máa mọ̀ bóyá mọ́tò ló ń tà tàbí ọkọ ìyàwó?

Ó tán lórí ìyẹn. Ohun tí o kò béèrè ló ń ká mi lára. Ta ló máa bá ọ rà á? Ọ̀gbẹ́ni yẹn náà, àbí? Nínú àkáǹtì ta ni, lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ta domain? Ímeèlì ta ni wọ́n máa fi sí i?

Aṣọ òfì ni èmi ń tà, láti Ìsẹ́yìn. Ọmọkùnrin tó ṣe ìkànnì wa, mo sọ fún un kó ra domain lórúkọ ilé iṣẹ́ wa. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀, orúkọ yín ló wà níbẹ̀." Orúkọ wa wà lójú ìkànnì lóòótọ́. Nínú àkáǹtì níbi tí wọ́n ti rà á, tirẹ̀ ló wà. Kò sì sí béèyàn ṣe lè dúró lóde mọ̀, torí látìgbà tí òfin ìpamọ́ àṣírí ilẹ̀ Yúróòpù ti bẹ̀rẹ̀ ní 2018, bí o bá wá domain lórí lookup.icann.org, níbi tí wọ́n ti ń wo ẹni tó ni domain, wọ́n ti bo orúkọ olóhun mọ́lẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà.

Ìkànnì yẹn sì ń ta ọjà. Àwọn tó ń kọ nípa ìgbéyàwó dárúkọ wa, wọ́n fi líǹkì wa sínú ohun tí wọ́n kọ. Àwọn ìyá ìyàwó ní London àti Houston ń fi ránṣẹ́ síra wọn. Ẹni tó bá wá aṣọ òkè Ìsẹ́yìn lórí Google ń bá wa lókè. Líǹkì àwọn èèyàn wọ̀nyẹn ló gbé wa débẹ̀, kì í ṣe orúkọ.

Ọmọ náà bá japa. Ìránnilétí owó ọdún ń lọ sí ímeèlì tí kò ṣí mọ́. Oníbàárà kan ló pè mí láti Houston, ó ní ṣé a ti kógbá wọlé ni. Mo ṣí i, òfìfo. Ímeèlì wa tó wà lórí domain kan náà kú pẹ̀lú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ inú ibẹ̀ ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ fi jẹ́rìí wà.

Mo kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tó ta domain. Mo fi ìwé CAC ránṣẹ́, mo fi rìsíìtì owó tí mo san fún ọmọ náà kún un. Wọ́n ní ẹni tó ni àkáǹtì nìkan làwọn lè bá sọ̀rọ̀. Mo tún kọ, orúkọ ẹlòmíràn ló wà nísàlẹ̀ èsì, ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lókè. Mo ní ó dáa, ẹ fi sílẹ̀ lórúkọ ọmọ yẹn, ẹ ṣáà gba owó ọdún kan lọ́wọ́ mi kó má bàa bọ́. Wọ́n ní kí n wọlé sínú àkáǹtì mi kí n san án níbẹ̀. Àkáǹtì wo? Èyí tí mo ń pariwo pé kò sí lọ́wọ́ mi! Wọ́n wá fi "a dúpẹ́ fún sùúrù yín" parí ẹ̀.

Ohun tí ìkankan nínú wọn ò sọ fún mi ni pé ọjọ́ ń kà. Tí .com bá kọjá ọjọ́ owó rẹ̀, ilé iṣẹ́ tó tà á lè fi í sílẹ̀ títí dé ọjọ́ 45, kálukú ló ní iye tirẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ọjọ́ 30 mìíràn wà tí olóhun ṣì lè rà á padà pẹ̀lú owó gọbọi. Lẹ́yìn ìyẹn, ọjọ́ 5 tí kò sí ọba tó lè dá a padà. Ó bọ́ nìyẹn, ẹni tó bá kọ́kọ́ gbá a mú ló ni ín. A rí ọmọ náà nígbà tí ọjọ́ 30 ń tán lọ. Dọ́là ló ní òun máa gbà. A gba ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ìgbà tó fi máa gbà, a ti wọ inú ọjọ́ 5 yẹn.

Ìkànnì tẹ́tẹ́ ló wà lórí orúkọ wa báyìí. Gbogbo líǹkì táwọn oníròyìn ìgbéyàwó fi sílẹ̀ fún wa, ibi tẹ́tẹ́ ni wọ́n ń kó èèyàn lọ. A ra orúkọ tuntun, ṣùgbọ́n 301, ìyẹn ìdarí tó máa ń gbé èèyàn láti orúkọ àtijọ́ lọ sí tuntun, tó sì máa ń sọ fún Google pé a ti kó lọ síbòmíràn, ẹni tí orúkọ àtijọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀ nìkan ló lè ṣe é. Àwọn ògbóǹtarìgì wá ń tò wá bá mi, pé àwọn máa ra líǹkì gbé wa padà. Mo lé wọn.

Nítorí náà, fọwọ́ ara rẹ ṣí àkáǹtì. Gmail ni kí o fi ṣí i, má lo ímeèlì tó wà lórí domain yẹn fúnra rẹ̀. Fún ẹni tó ń ṣe ìkànnì ní ohun tó nílò láti ṣiṣẹ́, má fún un ní páswọ́ọ̀dù ibi tí o ti ra orúkọ. San ju ọdún kan lọ tí agbára bá ká a; .com gbà tó ọdún 10. Má gbọ́kàn lé káàdì pé yóò máa san án fúnra rẹ̀, ṣé o rántí bí ọ̀pọ̀ báǹkì ṣe dá owó dọ́là dúró lórí káàdì náírà ní 2022? Wá ibi tó ń gba náírà.

Tí ímeèlì kan bá dé pé owó ìforúkọsílẹ̀ rẹ pẹ̀lú Google ti tó san, olè ni. Google kì í gbowó kó tó fi ìkànnì sínú ohun tó ń wá.

Kí o tó san kọ́bọ̀, tẹ orúkọ tó wù ọ́ sí web.archive.org, níbi tí wọ́n ń kó ojú ewé àtijọ́ pamọ́ sí, kí o wo ẹni tó ti lò ó rí. Lọ́jọ́ kan ẹnìkan máa rí orúkọ wa àtijọ́ lọ́jà, inú rẹ̀ máa dùn, kò ní mọ ohun tí wọ́n ti fi ṣe.

Àkọlé ojú ewé, fọ́tò, iye owó, Search Console tí Google fi ń jẹ́ kí o mọ bí ìkànnì rẹ ṣe ń ṣe lórí Google, ìyẹn ò le, o máa rí i ṣe.

Ti .com àti .com.ng: Google máa ń fi .ng mọ̀ pé Nàìjíríà ni ọjà rẹ wà fún. Bí oníbàárà yín bá wà ní Abẹ́òkúta, Èkó àti Àbújá, .com.ng dáa gan-an, NiRA, àjọ tó wà fún orúkọ .ng, ló ń bójú tó o. Tí ẹ bá fẹ́ tà sókè òkun, .com. Bí owó bá wà, ra méjèèjì kí o darí ọ̀kan sí èkejì. .shop àti .store tí wọ́n ń pariwo kò ní ohun àrà kankan lójú Google.

Bí ọ̀gbẹ́ni yẹn bá sì ti bá ọ rà á kọjá, ní kó gbé e sínú àkáǹtì rẹ lónìí, kí ìjà tó dé, torí tí wọ́n bá yí orúkọ olóhun padà, ó lè dọjọ́ 60 kó tó ṣeé gbé lọ sí ilé iṣẹ́ mìíràn. Ya rìsíìtì tó fún ọ fi hàn mí kí n wo orúkọ tó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kọ́kọ́ bo nọ́ńbà káàdì rẹ.