Ṣé káàdì gráfíìkì ni kí n ná owó mi lé?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ ìtúpalẹ̀ dátà ni mo ń ṣe, pandas, irinṣẹ́ Python fún dátà, ni mo sì ń lò jù. Fáìlì CSV tí wọ́n ń fún mi báyìí ti tó 3 GB. Bí mo bá ti ṣí i, kọ̀ǹpútà mi, tí RAM rẹ̀ (ibi tó ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) jẹ́ 8 GB, á kàn gan pa. Owó tí mo tù jọ kò pọ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n ra èyí tó ní káàdì gráfíìkì ńlá. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. — Fáìlì-Kò-Ṣí

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ọ̀rẹ́ rẹ fẹ́ràn rẹ o, àmọ́ ó jọ pé géèmù ló fẹ́ kí ẹ jọ máa gbá.

Tún fáìlì yẹn ṣí, kó o sì ṣí Task Manager, ojú ewé Windows tó ń fi bí iṣẹ́ ṣe ń wọ kọ̀ǹpútà lọ́rùn hàn, sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí Memory (RAM nìyẹn) bá ti gun òkè dé 95%, tí Disk ń sáré kiri, tí CPU (processor, ọpọlọ kọ̀ǹpútà) wá jókòó jẹ́jẹ́ sórí 10%, a jẹ́ pé RAM ló kún. Kọ̀ǹpútà ti ń kó ẹrù rẹ lọ sórí dísíìkì, ó tún ń kó o bọ̀. Káàdì gráfíìkì kò lè gbà ọ́ níbẹ̀, pandas lásán kì í tilẹ̀ yà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Wes McKinney tó dá pandas sílẹ̀ kọ ọ́ lọ́dún 2017 pé kí RAM èèyàn tó ìlọ́po 5 sí 10 dátà rẹ̀. Fún 3 GB, ìyẹn jẹ́ 15 sí 30. Ra 32 GB.

Má ṣe irú tèmi. Processor tó ní core 16, ìyẹn òṣìṣẹ́ 16 nínú rẹ̀, ni mo kó owó lé lórí nígbà kan, mo wá fi RAM 8 GB tì í. Mo ṣí iṣẹ́, core kan ń làágùn, 15 tó kù ń wòran! Core kan ṣoṣo ni pandas sábà máa ń lò. Core 6 tó yára tó fún ọ.

SSD, dísíìkì tó yára ju háàdì dísíìkì lọ, ṣe pàtàkì, 500 GB ti tó. Háàdì dísíìkì àtijọ́ rẹ lè máa tọ́jú àwọn fáìlì tó ò lò mọ́. Àlòkù tí ọ́fíìsì ń tà, èyí tó máa ń dúró sórí tábìlì, kò burú rárá. Jẹ́ kí wọ́n ṣí i lójú rẹ kó o tó sanwó, kó o ka ojú ihò RAM. Bó bá jẹ́ mẹ́rin, fi 16 GB méjì sínú méjì, kí méjì ṣófo de ọjọ́ iwájú. Ṣọ́ra fún láptọ́ọ̀pù tí wọ́n jó RAM rẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù, kò ṣe é fi kún.

Bí owó kò bá tíì pé, dín àyè tí dátà rẹ ń gbà kù. Bó o bá ní àwọn kọ́lọ́ọ̀mù tó jẹ́ pé 0 àti 1 nìkan ló wà nínú wọn, pandas ń fi báìtì 8 tọ́jú nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan níbẹ̀. Sọ wọ́n di int8, irú nọ́ńbà kékeré, báìtì 1 péré ni. Kọ́lọ́ọ̀mù tí ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan ṣáá ń pààrọ̀ ara wọn nínú rẹ̀, sọ ọ́ di category, irú kọ́lọ́ọ̀mù tí pandas ti ń tọ́jú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan péré.

Kọ ohun tí Task Manager bá wí ránṣẹ́ sí mi kó o tó náwó.